Owó Ìrànwọ́ Ìjọba fún Oníṣẹ́ Ọnà Tó Ń Dáṣẹ́ Ṣe ní Ìlú Ọba

Ẹni tó ń fi ìlù, orin tàbí àwòrán jẹun ní Ìlú Ọba lè rò pé owó ìrànwọ́ kò kan òun nígbà tí iṣẹ́ bá dá, nítorí pé kò sí ọ̀gá kankan tó lé òun. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Jobseeker's Allowance, tó wà fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dúró lé owó National Insurance Class 1 tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù. Class 2 ti ẹni tó ń dáṣẹ́ ṣe kò ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ṣùgbọ́n Universal Credit, tí òfin ọdún 2012 dá sílẹ̀ tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san ní 2013, kì í béèrè bóyá wọ́n lé yín níṣẹ́. Iye tó wọlé lóṣù, ẹnu tí ẹ ń bọ́, owó ilé àti owó ìpamọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ní ju £16,000 lọ nípamọ́ kò lè gbà á, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ yín kò sí nínú ìṣirò yẹn. Nítorí náà, ìwé owó tí ẹ bá kó wá síwájú wọn ló máa pinnu ohun tí ẹ máa gbà, ju orúkọ tí ayé fi mọ̀ yín lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò pè yín sí Jobcentre láti wá ṣàlàyé iṣẹ́ yín. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń pín sí méjì. Òṣìṣẹ́ tó bá dá yín lóhùn yóò wò ó bóyá iṣẹ́ ọnà yìí ni olórí iṣẹ́ yín, bóyá ó létò, bóyá ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, bóyá ó ń lọ déédéé, àti bóyá èrè ni ẹ fi ń ṣe é. Bó bá gbà bẹ́ẹ̀, wọn kò ní í ní kí ẹ máa wá iṣẹ́ mìíràn kiri. Fún oṣù 12 àkọ́kọ́, iye tó wọlé gan-an ni wọ́n máa kà, bí ẹ bá ṣáà ń sapá kí iṣẹ́ náà gbèrú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Minimum Income Floor máa wọlé: wọ́n á kà á sí pé ẹ ń pa iye tí ẹni tó ṣiṣẹ́ wákàtí 35 lọ́sẹ̀ ń gbà ní owó iṣẹ́ tó kéré jù lábẹ́ òfin, ẹ ì báà má rí kọ́bọ̀. Láti oṣù Kẹrin 2025 sí oṣù Kẹta 2026, £12.21 ni wákàtí kan fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Bí a bá yọ owó orí kúrò, ó ṣì lé ní £1,600 lóṣù. Pẹ́ńsì 55 ni wọ́n ń yọ lára owó ìrànwọ́ lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn £880 ó kéré tán. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, £400.14 ni owó ìpìlẹ̀ oṣù kan, lọ́dún yẹn kan náà, fún ẹni tó ti pé ọdún 25 tó ń dá gbé. Bí kò bá sí owó ilé tàbí ọmọ tó máa fi kún un, òfo ni.

Ẹ wo ayàwòrán kan tó ta àwòrán £3,000 ní oṣù Kejìlá, tí kò tún rí nǹkan kan tà títí oṣù Kẹta fi parí. Lójú tirẹ̀, £750 ló ń ná lóṣù. Wọn kì í pín in bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejìlá á gbé ẹrù rẹ̀ lódindi, bí oṣù 12 àkọ́kọ́ rẹ̀ bá sì ti kọjá, oṣù mẹ́ta yòókù á ru owó tí kò wọlé. Bí wọ́n bá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò tíì tó gbọ́ bùkátà rẹ̀, òfo ni wọ́n á kọ fún oṣù mẹ́ta yẹn, á sì gba owó rẹ̀ pé, àmọ́ á máa wá iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Àwọn kan á ní àbùkù ni kí ìjọba sọ pé iṣẹ́ tí àwọn ti ń ṣe láti kékeré kì í ṣe iṣẹ́. Ìrora yẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ Jobcentre kò kan bí ìlù yín ṣe dùn tó. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì máa mówó wọlé déédéé kò gbọ́dọ̀ bu iyọ̀ sí i níwájú wọn, nítorí ìyà rẹ̀ ni yóò jẹ lẹ́yìn oṣù 12.

Ẹ kọ owó sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́. Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí lóde ìnáwó wà nínú rẹ̀: ẹ kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ yọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, kí ẹ kọ èyí tó kù fún yín. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀bùn ni, pé kì í ṣe owó iṣẹ́, ń tan ara wọn. Ìlù ló fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìnáwó: awọ ìlù, ọ̀dà, owó ibi ìgbóhùnsílẹ̀. Bí ọkọ̀ yín lẹ fi lọ, pẹ́ńsì 45 ni máìlì kan títí dé máìlì 833 lóṣù. Ẹni tó ṣiṣẹ́ nílé fún wákàtí 25 sí 50 lóṣù lè yọ £10. 51 sí 100 jẹ́ £18. Bó bá ju ìyẹn lọ, £26.

A kò sọ pé òdiwọ̀n Minimum Income Floor yìí dára fún iṣẹ́ ọnà. Equity, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré, ti ń bá ìjọba fà á pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ìjọba pàápàá dá a dúró láti oṣù Kẹta 2020 nígbà àrùn Kòrónà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà ní oṣù Kẹjọ 2021. Àmọ́ títí wọn yóò fi yí i padà, òun ni wọ́n fi ń wọn yín.

Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sínú físà rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìlú kò gbọ́dọ̀ béèrè rárá, nítorí ó lè ba ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́. Kó kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i máa ń dúró tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí owó àkọ́kọ́ tó dé. Ó lè gba àsansílẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ni, wọ́n á máa yọ ọ́ padà. Bí ìdájọ́ wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní oṣù kan láti ní kí wọ́n tún un wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tribunal. Citizens Advice ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kó ìwé owó oṣù kọ̀ọ̀kan dání lọ bá wọn.