Ìdìmú Ọrun Ọdẹ: Èwo Ni Ká Fọ̀, Èwo Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ẹni tí kò fojú kan ọrun rí lè rò pé ọ̀rọ̀ okùn lásán ni òwe yìí ń sọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé ohun méjì ló para pọ̀ di ọrun: igi tí a tẹ̀ àti ọsán tí ó dè é. Bí ọ̀kan bá kúrò, èkejì di ohun tí arúgbó lè fi tilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà tí òwe náà kò mẹ́nu bà. Òun ni ìdìmú, àárín igi níbi tí ọwọ́ ọdẹ ń wà. Ibẹ̀ ni ènìyàn àti ohun ìjà rẹ̀ ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni òógùn ọwọ́ ń mu sí, ibẹ̀ ni awọ ti ń gbó, ibẹ̀ náà sì ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ tún ọrun bàbá wọn ṣe.

Àríyànjiyàn náà kò ṣòro láti mọ̀. Bí ọrun bá ti pẹ́ ní àjà ilé ọdẹ, èéfín á ti sọ ọ́ di dúdú, awọ ìdìmú rẹ̀ á ti ya, eruku á sì ti bò ó. Ọmọ tí ó ti ìlú ńlá dé yóò ní kí wọ́n gbé e lọ bá káfíńtà, kí ó fá a, kí ó fi fáníṣì kùn ún, kí ó lè máa dán bí àga tuntun nínú pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá yóò ní rárá, pé ẹni tí ó bá fá ìdìmú yẹn ti fá ọwọ́ bàbá wọn dànù. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn bàbá, àwọn méjèèjì ló sì ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ ọrun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun èlò lásán, nítorí pé orí rẹ̀ ni ìtàn ìlú náà dá lé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọdẹ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Lára wọn ni Aalẹ̀, Ọ̀húnsilé, Òrìṣàtólú, Akandíẹ̀ àti Ògúnlọlá. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Alóńgo, kí wọ́n lè jọ máa ṣọdẹ, kí wọ́n sì lè gba ara wọn lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ìtàn náà tẹ̀ síwájú pé ẹ̀sùn kan gbé Ògúnlọlá dé iwájú Aláàfin. Ní àkókò náà, jagunjagun kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu. Ògúnlọlá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kò ó lójú. Ọfà ni ó fi pa á, ó sì gbé orí rẹ̀ padà wá. Nígbà tí Aláàfin ní kí ó dúró sí Ọ̀yọ́, ó dáhùn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣe ọ̀hún. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ní oyè Ṣọ̀ún ti jáde, inú pípa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di ọrun mú ní ìlú yìí ti di ìdí orúkọ ìlú mú.

Ní ti Ọ̀yọ́, Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìjọ ní ìlú náà, tí a sì tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi yé wa pé kí ìbọn tó gbilẹ̀, ọrun àti ọfà olóró wà lára olórí ohun ìjà àwọn Yorùbá, pẹ̀lú idà àti ogbó. Nígbà ogun Òwu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìbọn àwọn Ìjẹ̀bú fi hàn pé ayé ń yí. Síbẹ̀, ọrun kò tètè kú. Ní ilẹ̀ Ìbàrìbá tí ó bá Ọ̀yọ́ pààlà látijọ́, ọfà ba Lugard lórí ní 1894 nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ó gbé ìbọn dání ń kọjá níbẹ̀. Orí ló kó o yọ. Ọrun kì í pariwo, kì í rú èéfín, kò sì nílò ẹ̀tù tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ ará etíkun.

Ó yẹ kí a mọ irú ọrun tí à ń sọ. Ọrun ilẹ̀ wa jẹ́ igi kan ṣoṣo, tí a gbẹ́ kí àárín rẹ̀ nípọn, kí apá rẹ̀ méjèèjì sì máa tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó. Ó yàtọ̀ sí ọrun àwọn Tọ́kì àti àwọn Mongol, tí ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì padà tẹ̀ síwájú, kúrò lọ́dọ̀ tafàtafà. Bí wọ́n bá fa irú ọrun bẹ́ẹ̀, ṣóńṣó tí ó tẹ̀ náà á máa nà, nítorí náà ọrun kúkúrú tí ẹlẹ́ṣin lè lò á ta ọfà jìnnà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú ìdíje Òlíḿpíìkì láti ìgbà tí ọfà títa ti padà síbẹ̀ ní Munich ní 1972, lẹ́yìn tí ó ti kúrò níbẹ̀ láti 1920. Bí ti òde òní yìí bá ní ìdìmú igi ńlá tí a gbẹ́ bá ọwọ́ mu, a lè fá a dáadáa láìba agbára ọrun jẹ́, nítorí pé apá rẹ̀ ni ó ń tẹ̀, ìdìmú kì í tẹ̀. Ọrun ilẹ̀ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Igi kan náà ni ìdìmú àti apá, ẹni tí ó bá sì ń fá ìdìmú lè ṣèèṣì fá dé ibi tí agbára wà.

Ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó dẹ́rù ba káfíńtà. Bí a bá dín ìnípọn apá ọrun kù ní ìdá 10 nínú 100, agbára tí ó fi ń kọ títẹ̀ kì í dín ní ìdá 10 péré. Ìdá 73 ni yóò ṣẹ́ kù. Bí a bá dín in kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni yóò kù. Ohun tí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wọ̀n ni ọwọ́ aláìmọ̀kan lè bàjẹ́ láàárín wákàtí kan.

Báwo wá ni a ṣe ń tún ìdìmú ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni láti tú ọsán, kí igi lè sinmi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ọrun tí ó ti pẹ́ ní àjà, kò sì gbọdọ̀ fa ọrun kí ó tú u sílẹ̀ láìfi ọfà sí i, nítorí agbára tí ọfà ì bá gbé lọ yóò padà sínú igi, yóò sì là á. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yẹ igi wò ní ojú oòrùn. Bí ihò kòkòrò bá wà, tí ìyẹ̀fun igi sì ń dà, kòkòrò ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá jà. Bí igi bá ti là ní ìbú, ọrun náà ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fà á mọ́.

Aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi ń nu èéfín àti eruku, kì í ṣe omi. Ibi tí ó bá hán, tí ó lè gún ọwọ́, ni wọ́n ń fi ewé ìpín fá kí ó lè jọ̀lọ̀. Ewé yìí ni àwọn agbẹ́gilére fi ń dán iṣẹ́ wọn kí sáńpépà tó dé, kì í sì í jẹ igi jù. Ẹni tí ó bá lo sáńpépà, kí ó fi èyí tí ó kúnná parí rẹ̀, kí ó sì máa tọ ojú igi lọ, kí ó má ṣe dá a ní ìbú.

Epo pupa kò dára fún un, nítorí kì í gbẹ, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Òrí, tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀dàn Ògbómọ̀ṣọ́, ni àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ mọ́ igi àti awọ. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fi pa á, kí wọ́n sì nu àṣẹ́kù kúrò. Àwọn mìíràn ń lo òróró linseed, èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń sọ di líle. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sá aṣọ tí wọ́n fi pa á sílẹ̀ gbalasa. Bí wọ́n bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ní ti awọ, Ọ̀yọ́ ni ilé rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú náà, tí wọ́n ń ṣe làbà Ṣàngó, mọ bí a ṣe ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa awọ láró pupa. Bí wọ́n bá fi awọ tútù dì ìdìmú, tí wọ́n sì rán an, yóò fà mọ́ra bí ó ti ń gbẹ, kò sì ní yẹ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n má ju awọ àtijọ́ nù. Kí wọ́n fi pamọ́ pẹ̀lú ọrun.

Ìkìlọ̀ kan tún wà. Bí apó ọfà bá wà pẹ̀lú ọrun náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ṣóńṣó ọfà. Lára ewéko tí wọ́n fi ń ṣe oró ọfà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus. Ọkàn ènìyàn ni ó ń bá jà, ọjọ́ orí kì í sì í pa á tán. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Thomas Fraser ní Edinburgh ṣe ìwádìí rẹ̀, ó sì di oògùn àrùn ọkàn lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn òyìnbó. Bákan náà, bí wọ́n bá rán oògùn mọ́ ìdìmú, olórí ẹbí ni kí ó sọ̀rọ̀ kí abẹ tó kàn án.

Èwo wá ni ẹjọ́ tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì? Ẹ̀gbọ́n bàbá ní ohun kan tí kò yẹ kí a gbójú fò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nígbà tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó níbi ìṣípà ọdẹ, wọn a sì máa sun ìrèmọ̀jé. Ọrun tí ó bá ṣẹ́ kù sílé, ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ibi tí igi ti jẹ wọlé ní ìdìmú yóò sọ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti tóbi tó, yóò sì sọ bóyá ọwọ́ òsì ni ó fi ń fa ọsán. Bí ilé náà kò bá ní àwòrán rẹ̀, àmì yìí nìkan ni ó kù lára rẹ̀ tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Fáníṣì kò lè dá a padà.

Ọmọ náà sì ní ẹjọ́ rere. Ọrun tí kòkòrò jẹ tán kò lè sọ ìtàn kankan. Nítorí náà, kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe é níwọ̀n: kí wọ́n mú ẹ̀gbin kúrò, kí wọ́n fi àmì ọwọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lo ohun tí ọmọ-ọmọ lè tú bí ó bá ní ọgbọ́n tí ó ju tiwọn lọ. Ìlànà yìí kan náà ni àwọn olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní mùsíọ́mù ń tẹ̀ lé.

Ní Brazil, àwọn ọmọ Yorùbá tí òkun gbé lọ ṣì ń pe ọrun àti ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ofá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni wọ́n fi ń rọ ọ́. Wọn kò ní ọrun bàbá wọn lọ́wọ́, wọ́n sì di orúkọ rẹ̀ mú. Ẹni tí ó wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí orúkọ wà lẹ́nu rẹ̀, tí igi náà sì wà ní àjà rẹ̀, kò ní àwáwí. Kí ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kí ó sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ tirẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ wà, kí ó tó wá ewé ìpín.