KÍ NI ÀBÙÙBÙTÁN Ń WÁ LÓJÚ OMI?

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àbùùbùtán rí. Bí ó tilẹ̀ ń gbé inú òkun, kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mí, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Dandan ni kí ó máa yọ sókè wá mí, ṣùgbọ́n mímí nìkan kọ́ ni ó ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú èyí tí a lè pè ní abuké, tí ó máa ń gùn tó mítà 13 sí 15. Lọ́dọọdún, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, àwọn kan nínú wọn máa ń ti inú omi tútù ìhà gúúsù ayé wá sí etíkun Tógò àti Benin wá bímọ.

Fífò: Á fò jáde kúrò nínú omi, á sì já lulẹ̀ gbàmù. Àwọn kan ní ó ń gbọn ìdin òkun kúrò lára ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè máa fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ ṣọ́ agbo 94 ní ọdún 2010 àti 2011. Wọ́n rí i pé fífò pọ̀ sí i nígbà tí agbo tó kù bá jìnnà ju kìlómítà 4 lọ. Ó jọ pé ó fi ń ránṣẹ́ sí ará ọ̀nà jíjìn ni.

Lílu omi: Á fi lẹbẹ tàbí ìrù lu omi. Àwọn onímọ̀ kan náà rí i pé èyí wọ́pọ̀ nígbà tí agbo bá fẹ́ pàdé tàbí kí ó pínyà. Ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, oúnjẹ ni wọ́n fi ń wá. Ní ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀kan tí ó fi ìrù lu omi kí ó tó kó ẹja jẹ. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ lára ẹlẹgbẹ́ wọn.

Yíyọ orí: Á nàró nínú omi, á yọ orí síta, bí ẹni tí ń wo àyíká.

Gbígbé ìrù sókè: Ó fẹ́ wọ ibú lọ ni. Àmì abẹ́ ìrù ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Òun ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀.

Dídùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́: Ó ń sinmi ni, pàápàá abiyamọ. Èyí ni ó léwu jù, nítorí ọkọ̀ ojú omi lè gbá a níbi tí ó sùn sí. Kí ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ rọra rìn, kí ó má sì gba àárín ìyá àti ọmọ kọjá.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá rí àwòrán àbùùbùtán tí ń fò, tí ó ní, “Kí ló dé?”, ẹ má ṣe yára dá a lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dà? Ṣé oúnjẹ wà nítòsí? Ṣé ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ wà.