Ìdí Tí Iná Kì Í Fi Í Dúró Lójú Kan: Àlàyé Lórí Ẹ̀rọ Háídírójìn Àfọwọ́ṣe

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀rọ tí ń yọ háídírójìn láti inú omi wà lára ohun tí ó máa ń wu àwọn ọ̀dọ́ láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe fún ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì. Kò gba ju ike, irin pẹlẹbẹ, wáyà àti bátìrì ọkọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sórí tábìlì láti dán an wò, ìṣòro kan sábà máa ń yọjú: mítà kì í dúró lójú kan. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ámúpù 5, kí ó gòkè dé 8, kí ó sì já wálẹ̀ sí 3.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Bí iná kò bá dúró, gáàsì tí ń jáde kò lè dúró, a kò sì ní lè sọ òtítọ́ nípa ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ibi tí wáyà bá ti tú ni iná ti ń ta pàrà, bẹ́ẹ̀ ni háídírójìn lè gbiná nígbàkúùgbà tí ó bá ti jẹ́ ìdá 4 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ìlera àwọn ọmọ wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1800 ni William Nicholson àti Anthony Carlisle fi iná bátìrì pín omi sí gáàsì méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni Michael Faraday fi hàn pé iye iná tí ó bá kọjá ni ó ń pinnu iye gáàsì tí yóò jáde. Ámúpù 1 tí ó ṣàn fún wákàtí 1 nínú ìsọ̀rí irin méjì yóò yọ nǹkan bí líta 0.45 háídírójìn nínú yàrá tí kò tutù. Omi kò lè pín bí fóltì kò bá tó 1.23, ṣùgbọ́n irin tí a ń lò sábà máa ń béèrè tó fóltì 2. Nítorí náà, ìsọ̀rí mẹ́fà tí a so tẹ̀ lé ara wọn ni ó yẹ bátìrì fóltì 12. Ẹni tí ó bá gbé fóltì 12 lé ìsọ̀rí kan ṣoṣo, ooru ni ó ń rà.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tó tú ẹ̀rọ palẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí àrùn wà. Ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò, kí ẹ fi gílóòbù iwájú ọkọ̀ fóltì 12 sí ipò rẹ̀. Gílóòbù wáàtì 55 máa ń gba nǹkan bí ámúpù 4.6. Bí mítà bá dúró jẹ́ẹ́, bátìrì àti wáyà kò lẹ́bi. Inú ẹ̀rọ ni kí a wò. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti wáyà, ẹ jẹ́ kí iná máa ṣàn, kí ẹ sì fi mítà wọn fóltì láti ẹ̀gbẹ́ kìíní sí ẹ̀gbẹ́ kejì oríkèé kọ̀ọ̀kan. Oríkèé tí ó dára yóò fi ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo hàn. Èyí tí ó bá gba ìdajì fóltì ti tú tàbí ó ti dípẹtà: ẹ pa iná, ẹ há a, ẹ tún un dè. Bátìrì tí ó kún máa ń fi nǹkan bí fóltì 12.6 hàn nígbà tí kò ṣiṣẹ́. Bí fóltì rẹ̀ bá yára já nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì so ẹ̀rọ tààrà mọ́ ṣájà, nítorí iná ọ̀pọ̀ ṣájà máa ń ta kìjí.

Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ẹ̀rọ, ọ̀nà tí iná gbà ń yí padà yóò jẹ́rìí. Bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń gbóná, ooru ni: omi gbígbóná ń jẹ́ kí iná kọjá sí i, iná náà sì tún ń mú omi gbóná sí i. Ẹ dín èròjà inú omi kù, tàbí kí ẹ fi ohun tí ń ṣẹ́ iná mọ́ ìwọ̀n sí i. Bí ó bá ń fò sókè sódò, ìfófòó ti lẹ̀ mọ́ irin, tàbí àwọn irin ti sún mọ́ ara wọn jù. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi ti fà tàbí ìdọ̀tí ti bo irin. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ àkókò, fóltì, ámúpù àti ooru sínú ìwé.

Omi náà ṣe pàtàkì. Inú àpáta ni omi kànga Adó àti agbègbè rẹ̀ ń gbà kọjá, èròjà tí ó sì wà nínú kànga kan kò bá ti èkejì mu. Omi bátìrì tí a ti sẹ́ ni ó dára. A kì í fi iyọ̀ sí i, nítorí iyọ̀ máa ń mú gáàsì klóríìnì jáde, májèlé sì ni. Àwọn ìyá wa mọ bí omi eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú ṣe ń ta ọwọ́. Sódà tí a fi ń dá ẹ̀rọ yìí lóhùn le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú jẹ́ dandan. Bí omi bá di pupa rúsúrúsú tàbí yẹ́lò, irin ti ń jẹ sínú rẹ̀: ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mẹ́rin gbé ẹ̀rọ tí ń yọ háídírójìn láti inú ìtọ̀ wá sí ìpàtẹ Maker Faire Africa ní Èkó, òkìkí wọn sì kàn káàkiri ayé. Ìgboyà wọn yẹ fún ìyìn. Àwọn onímọ̀ sì rán wọn létí òfin kan tí kò yẹ̀: agbára tí a fi pín omi kò lè kéré sí èyí tí a ó rí gbà padà. Háídírójìn kì í ṣe orísun agbára. Ó jẹ́ àpò tí a fi pa agbára mọ́. Bí iná oòrùn ni a fi pín omi, ó níye lórí. Bí jẹnẹrétọ̀ pẹ́tírólù ni, a ti pàdánù. Ìwé Mímọ́ kò fẹ́ òṣùwọ̀n èké, mítà tí kò dúró sì jẹ́ òṣùwọ̀n èké.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń ṣe ẹ̀rọ yìí nílé, ẹ má lé e, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ìta gbangba ni kí ó ti ṣe é, kí gáàsì gba inú omi kọjá kí iná má baà padà wọlé, kí wọ́n má sì ṣe pa á mọ́ sínú ike tàbí báálù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, mítà kan tí ó dára tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí yàrá sáyẹ́ǹsì lè dáàbò bo ojú ọmọ kan. Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n, kí ó sì pa ọwọ́ wọn mọ́.