Ilé Kíkọ́ àti Ọ̀ràn Ooru ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà ní, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n bí ilé bá gbóná ju oko lọ, níbo ni ẹni tí ó ti oko dé yóò ti sinmi? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé tí a ń kọ́ lóde òní rí. Bí oòrùn bá ti mú lọ́sàn-án, inú yàrá a di ààrò títí di òru. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, baálé ilé a máa wá owó epo jẹnẹrétọ̀ kiri kí fáànù lè yí, kí àwọn ọmọ lè sùn. Owó tí ì bá fi ra ìwé fún wọn ni ó ń jóná bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé láti mú ilé tutù. Bí a ti gbé ilé kalẹ̀, ògiri rẹ̀, òrùlé rẹ̀ àti fèrèsé rẹ̀ ni.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ èyí. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ògiri, ní ìpele ìpele, ó sì ń nípọn. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í tètè gba ooru: kí ooru ọ̀sán tó là á kọjá, ilẹ̀ ti ṣú, òde sì ti tutù. Afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi bo òrùlé kì í jẹ́ kí ooru sọ̀kalẹ̀. Etí òrùlé gùn jáde, ó sì ṣíji bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àgbàlá tí ó wà láàárín agbo ilé sì ń fún afẹ́fẹ́ gbígbóná ní ọ̀nà láti gòkè lọ.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a yin ilé àtijọ́ kọjá bí ó ti yẹ. Iná a máa jó koríko, òjò a máa jẹ ìdí ògiri, yàrá a sì máa ṣókùnkùn. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi fi tọwọ́tẹsẹ̀ gba páànù àti sìmẹ́ńtì. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n gba ohun èlò tuntun, wọ́n sì gbàgbé ọgbọ́n àtijọ́. Páànù a máa tètè gbóná. Bí kò bá sí àjà lábẹ́ rẹ̀, orí àwọn tí ó wà nínú yàrá ni ooru náà ń dà lé. Wọ́n dín etí òrùlé kù. Wọ́n to yàrá títí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kì í fẹ́ dáadáa gba ibi tí kò ní ọ̀nà àbájáde.

Ìbàdàn wà ní nǹkan bí dígírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, oòrùn ọ̀sán kì í jìnnà sí àtàrí, òrùlé ni ó sì ń gbà á jù. Ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn a rẹlẹ̀, a sì máa ta sí ògiri tí ó kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, níbi tí etí òrùlé kò ti lè dí i tán. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù. Atẹ́gùn ìgbà òjò ń fẹ́ láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀ oòrùn, ọyẹ́ sì ń ti ìhà àríwá òun ìlà oòrùn wá. Fèrèsé tí ó dojú kọ ara wọn yóò jẹ́ kí atẹ́gùn la yàrá já.

Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé ará Ìlú Ọba, ro irú nǹkan wọ̀nyí nígbà tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, èyí tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn. Kọnkéré oníhò ni wọ́n fi bo ojú ilé ìkàwé rẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí oòrùn sì dúró sóde. Ní 1956 ni ìwé wọn lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru jáde.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ náà lè ṣe irú rẹ̀. Kí ó fi àjà sí abẹ́ páànù, kí ó sì dá ihò sílẹ̀ kí ooru àárín wọn lè jáde. Kí ó lo páànù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó na etí òrùlé jáde, kí ó sì gbin igi sí ìhà ìwọ̀ oòrùn. Bí ó bá fẹ́ lo ilẹ̀ pupa, kí ó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn, kí òjò má baà jẹ ẹ́. Kí a tó wa ìpìlẹ̀, yíyí ojú ilé padà lórí ìwé kò ju iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti kọ́ parí kò ṣeé yí. Ohun tí baálé ilé kò bá rò ní ọjọ́ náà, oṣooṣù ni yóò máa san owó rẹ̀.