Bí Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Wọn Ooru Òfuurufú: Àlàyé fún Olùkọ́

Ní oṣù Ẹ́pírì, ooru Mabera nílùú Sókótó sábà máa ń kọjá 40°C. Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ pé sátẹ́láìtì ń wọn ooru, yóò rò pé tẹmọ́mítà kan wà lókè tó ń wo òrùlé páànù ilé wọn. Àwa olùkọ́ gan-an la máa ń fẹnu ara wa gbin èrò yìí.

Sátẹ́láìtì kì í fọwọ́ kan afẹ́fẹ́. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ a máa tú ìtànṣán máíkírówéèfù jáde. Bí ó bá ṣe gbóná tó ni ìtànṣán náà ṣe ń lágbára tó. Òun ni ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì ti ń gbà láti òpin ọdún 1978, tí a sì ń ṣírò ooru láti ara rẹ̀. Ooru tí a ń rí kì í ṣe ti ojú títì Mabera, ti ìpele afẹ́fẹ́ tó nípọn ní ọ̀pọ̀ kìlómítà ni.

Inú ìṣírò ni wàhálà wà. Roy Spencer àti John Christy, ní Alabama, gbé àbájáde wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1990. Fún ọdún mélòó kan, iṣẹ́ wọn fi hàn pé òfuurufú kò gbóná sí i, àwọn kan sì ń fi èyí ta ko àwòṣe ojú ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà. Ní 1998, Frank Wentz àti Matthias Schabel fi hàn pé sátẹ́láìtì ń rọra sọ̀kalẹ̀, èyí tó ń mú kí afẹ́fẹ́ dà bí ẹni pé ó ń tutù. Wákàtí tó ń kọjá lórí ibì kan náà tún ń yí padà. Ẹni tó wọn ooru Mabera ní aago méjì ọ̀sán lọ́dún kan, tó wá wọn ọ́n ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dún mìíràn, ṣé ó lè ní ìlú ti tutù? Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí èyí lọ sódì, Carl Mears àti Wentz ló tú u fó ní 2005. Spencer àti Christy gbà, wọ́n ṣàtúnṣe, ìgbóná sì hàn sí i.

Àwòṣe náà kò pé o. Ó ń pín ayé sí àpótí àpótí. Mabera, gbogbo Sókótó àti oko àlùbọ́sà tó yí i ká lè wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Lókè òfuurufú agbègbè olóoru, ọ̀pọ̀ àwòṣe ṣì ń fi ìgbóná tó ju ti sátẹ́láìtì lọ hàn.

Ní kíláàsì, a dábàá kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ méjì wọn ooru ibì kan náà ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì jọ jiyàn lórí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.