KÍ LÓ DÉ TÍ ẸNI TÍ Ó Ń ṢE ERÉ ÌDÁRAYÁ FI Ń WÚWO SÍ I?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera loògùn ọrọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń jáde lẹ́yìn ìrun Àsùbáà láti rìn kánmọ́kánmọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó máa ń ba wọ́n lọ́kàn jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan ṣe àpèjúwe, tí dókítà sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó máa rìn. Ó ń rìn ní àràárọ̀ lọ sí pápá ìṣeré Durbar ní Ọ̀yọ́. Kílò 80 ni ó wọ̀n tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gun òṣùwọ̀n, ó di kílò 81. Ó ní, "Ṣé ìyà lásán ni mo fi ń jẹ ara mi ni?" Ó bá jókòó sílé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Òṣùwọ̀n kò parọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ bóyá ọ̀rá ni, omi ni, tàbí iṣan ni ó wúwo. Ohun mẹ́rin ni ó ń fà á:

(1) Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ a máa fara pa díẹ̀ nínú nígbà tí a bá lò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń ro wá lọ́jọ́ kejì. Ara á wá fa omi síbẹ̀ láti tún un ṣe.

(2) Iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ a máa tọ́jú ṣúgà pamọ́ de iṣẹ́ ọ̀la. Giramu 1 ṣúgà yìí a máa gbé omi bíi giramu 3 dání. Omi yìí àti ti àkọ́kọ́ lè fi kílò 1 sí 2 kún ìwọ̀n ènìyàn láìjẹ́ pé ó sanra sí i.

(3) Iṣan fúnra rẹ̀ ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Kílò 1 iṣan kì í gba àyè tó kílò 1 ọ̀rá. Nítorí náà, ṣòkòtò lè máa tú nídìí ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà.

(4) Ẹnu wa. Ẹni kílò 70 tí ó rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìdajì wákàtí ń lo nǹkan bíi kálórì 120 sí 150. Ìgò mínírà 50cl kan á dá bíi 200 padà! Ẹni tí ó bá ń bu òkèlè kún òkèlè nítorí pé ó rìn, ìbáà ṣe àmàlà iṣu ìbáà ṣe láfún, ọ̀rá gan-an ni ó ń kó jọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ẹ fi tépù télọ̀ wọn ìbàdí. Ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 dárayá lọ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá wú tí ó ń tẹ̀ wọnú, tàbí tí èémí kò já gaara téèyàn bá dùbúlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sùúrù mọ́. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ti LAUTECH àti ti Bowen.

Ní ti ìyá wa yẹn, kí ó dìde padà. Ìrìn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀, bí ìwọ̀n kò tilẹ̀ dín. Kí ó má sì tìtorí rẹ̀ pa oògùn rẹ̀ tì. Ọlọ́run á fún gbogbo wa ní àlàáfíà.