Kí ẹ tó ra makirofóònù fún sitúdíò inú ilé, ẹ kọ́kọ́ wo yàrá àti iná yín

Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ olówó ńlá nìkan mọ́. Ní ọdún 1973, nígbà tí Paul McCartney, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣe àwo 'Band on the Run' l'Ékòó, ẹ̀rọ tó lè gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá ní sitúdíò EMI. Nígbà tí olóògbé Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá dá sitúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní òpin àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn 24 ló kó síbẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ pé owó ńlá ló ná an. Lónìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo nínú yàrá kan ní Agbowó lè tọ́jú ohùn tó ju ìyẹn lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sọ yàrá ilé di sitúdíò, láti Bódìjà títí dé Ring Road àti Challenge. Iṣẹ́ sì wà. Rédíò pọ̀ n'Íbàdàn, bíi Premier FM, Splash FM àti Fresh FM, gbogbo ìpolówó ọjà tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ ló sì ní ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Àwọn akọrin ẹ̀mí, akéwì, oníwàásù àti oníléèwé náà nílò ẹni tó máa gba ohùn wọn. Ohun tó ń da iṣẹ́ náà rú mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ ni pé ohun tó yẹ kí wọ́n rà kẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà.

Ẹ ṣírò iṣẹ́ kí ẹ tó ṣírò ẹ̀rọ

Ká ní gbogbo ohun èlò tí ẹ rà jẹ́ ₦600,000, tó sì jẹ́ pé ₦10,000 ló ń kù sí yín lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó iná, epo àti dátà. Iṣẹ́ 60 lẹ máa ṣe kí owó yín tó padà wọlé. Bí ẹ bá ń rí iṣẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 20 nìyẹn. Bí ẹlòmíràn bá wá lọ yáwó, tó fi ra ohun èlò ₦2,400,000, iṣẹ́ 240 ló máa ṣe. Ọ̀sẹ̀ 80 nìyẹn, ó ju ọdún kan ààbọ̀ lọ, a ò sì tíì ka èlé orí owó náà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ oníbàárà tó fẹ́ ṣe ìpolówó ìṣẹ́jú kan fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ kò ní tìtorí pé sípíkà yín tóbi kó fi owó kún owó.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pinnu iru iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹni tó jẹ́ pé ohùn ènìyàn nìkan ló fẹ́ máa gbà kò nílò ohun tí ẹni tó fẹ́ gba odidi ẹgbẹ́ onílù nílò.

Yàrá ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́

Yàrá tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ símẹ́ńtì, tí táìlì sì wà nílẹ̀, ohùn á máa lu ògiri, á sì máa padà wá. Orin á wá dà bíi pé inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́. Kò sí makirofóònù olówó ńlá tó lè wo àìsàn yìí sàn. Ẹ dúró sí àárín yàrá náà, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ tí ìró náà ń ta padà, yàrá yẹn kò tíì ṣeé lò.

Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ tó gbé kọ́, kọ́tìnì tó nípọn àti rọ́ọ̀gì wà nínú rẹ̀ sàn ju pálọ̀ òfìfo lọ. Bí ẹ bá tún fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó wúwo kọ́ sí ẹ̀yìn akọrin àti sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ìyàtọ̀ máa hàn. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè dá ariwo ìta dúró. Fóònù tìmùtìmù pàápàá, ìró inú yàrá ló ń dín kù. Ohun tó ń dí ariwo mọ́ta àti ti aládùúgbò lọ́nà ni ògiri tó nípọn àti ilẹ̀kùn tí kò ní àlàfo.

Kí ẹ tó san owó yàrá, ẹ fi fóònù gba ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, kí ẹ wá tẹ́tí sí i. Ẹ tún bèèrè bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí òjò bá ń lu páànù.

Iná tó wà, àti iná tí kò pariwo

Ẹ wo ìpele tí IBEDC fi àdúgbò yín sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A ti ga ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé ó kéré tán, wákàtí 20 ni wọ́n ní kí wọ́n máa rí iná lójúmọ́. Ó yẹ kí èyí wà nínú ìṣirò yín.

Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀tá sitúdíò inú ilé. Bí ẹ bá gbé e sẹ́yìn ilé pàápàá, makirofóònù á máa gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà alágbèéká fi dára ju ti orí tábìlì lọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Sound card kékeré tó ń gba iná láti ara kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ wáyà USB lè bá bátìrì kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́, ẹ ó sì gba orin tán kí iná tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ ra inverter, ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń pè ní pure sine wave, torí pé àwọn oríṣi tó kù lè mú kí ẹ̀rọ ohùn máa kùn. Bí ẹ bá sì ń gbọ́ ìró kíkùn nínú hẹ́dífóònù, tó dákẹ́ nígbà tí ẹ yọ ṣájà, ọ̀dọ̀ iná ló ti wá.

Makirofóònù tó bá àdúgbò mu

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní condenser máa ń gbọ́ ohun tín-ín-tín, ó sì nílò iná 48 volt láti ara sound card. Ó dára nínú yàrá tó dákẹ́, bíi ti ẹ̀yìn ilé ní Bódìjà. Èkejì ni dynamic, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ohun tó jìnnà sí. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì ní Challenge, tàbí láàárín ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó, dynamic ló máa gbà á. Shure SM58, tó ti wà láti ọdún 1966, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Bí owó tí wọ́n dá lé e bá kéré jù, ẹ fura.

Ẹ má gbàgbé ìdúró makirofóònù, wáyà XLR àti pop filter, aṣọ kékeré tó ń gba atẹ́gùn ẹnu dúró. Owó wọn kò tó nǹkan, àmọ́ iṣẹ́ kò lè lọ láìsí wọn.

Sound card, kọ̀ǹpútà àti hẹ́dífóònù

Sound card oníhò méjì, bíi Focusrite Scarlett 2i2, tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè gba ohùn akọrin àti gìtá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, ẹ gba wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tò wọ́n lé ara wọn.

Kọ̀ǹpútà tó ní 8GB RAM àti SSD lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹ sáà yẹ bátìrì rẹ̀ wò dáadáa. Ní ti ètò tó ń gba ohùn, ọ̀fẹ́ ni Audacity. Wọ́n ń fi Reaper dánwò fún ọjọ́ 60, lẹ́yìn náà, 60 dọ́là ni ìwé àṣẹ rẹ̀ fún oníṣẹ́ kékeré. Èyí sàn ju ètò olè tó lè kó kòkòrò wọ inú iṣẹ́ oníbàárà.

Hẹ́dífóònù tó bo etí dáadáa ni kí ẹ rà, kí ìlù tí akọrin ń gbọ́ má baà jò sínú makirofóònù. Sípíkà sitúdíò lè dúró, torí pé yàrá tí kò tíì dára máa ń mú kí sípíkà tan onísitúdíò jẹ. Ní báyìí, ẹ máa gbé orin náà sí fóònù, rédíò kékeré àti inú mọ́tò láti gbọ́ bó ṣe dún.

Ẹ tún ra hard disk kan sọ́tọ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ní ohùn 20 nínú, ní ìwọ̀n 24-bit àti 48 kHz, ń gbà tó 690 MB. Bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ láìsí ẹ̀dà iṣẹ́, owó oníbàárà àti orúkọ rere ló máa bá a lọ.

Bí ẹ ṣe lè pín owó

Bí ẹ bá ti ní kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì ti yanjú ọ̀rọ̀ iná, ẹ lè pín ₦100 kọ̀ọ̀kan báyìí: ₦30 fún sound card, ₦25 fún makirofóònù, ₦20 fún títún yàrá ṣe, ₦15 fún hẹ́dífóònù, ₦10 fún wáyà, ìdúró àti pop filter. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, owó ọjà òkèèrè kò dúró lójú kan mọ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni kí ẹ ti bèèrè iye lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání, kí ẹ dán ohun tí ẹ fẹ́ rà wò lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ohun èlò kékeré kì í dènà iṣẹ́ ńlá. Inú yàrá ilé òbí wọn ní Los Angeles ni Finneas ti gba àwo tí àbúrò rẹ̀, Billie Eilish, gbé jáde ní 2019 sílẹ̀, àwo náà ló sì gba ipò kìíní ní Grammy ní oṣù kìíní ọdún 2020. Níbí, gbogbo ẹni tó ń gba Challenge kọjá ló mọ Music House Yínká Ayéfẹ́lẹ́, níbi tí Fresh FM wà. Àmọ́ lẹ́yìn ìjàmbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i ní 1997, àwo 'Bitter Experience' ló kọ́kọ́ jáde, ilé ńlá ló tẹ̀lé e. Èrè iṣẹ́ 60 àkọ́kọ́ ni kí ẹ jẹ́ kó ra sípíkà àti makirofóònù kejì, kì í ṣe owó ẹ̀yáwó.